Wọ́n Yàn Mí sí Bọ́ọ̀dù Àjọ Àgbẹ̀, Níbo Ni Kí N Ti Bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Agbègbè Ìsẹ́yìn ni mo ti ń dá oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, èmi sì ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Ìjọba ìpínlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn mí sí bọ́ọ̀dù àjọ tó ń rí sí ajílẹ̀, katakata àti igi ẹ̀gẹ́ fún àwọn àgbẹ̀. Wọ́n ní mi ò ní máa lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ìpàdé nìkan ni. Àwọn èèyàn wa ti ń kí mi kú oríire, wọ́n sì ti ń kọ orúkọ wá. Kí ni iṣẹ́ mi gan-an? Ẹ̀rù ń bà mí kí n má baà fọwọ́ sí ohun tí màá padà kábàámọ̀.

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire, mà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ orúkọ tí wọ́n ń kọ wá yẹn kúrò nílẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ bọ́ọ̀dù ti ń kọsẹ̀ kí ìpàdé àkọ́kọ́ tó wáyé. Ẹ má gba orúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ má mú un lọ bá ọ̀gá àgbà àjọ, ẹ má sì ní kí akọ̀wé rẹ̀ “bá yín wo ọ̀rọ̀ yìí”. Ọ̀gá àgbà yẹn lẹ fẹ́ máa bi léèrè. Ọjọ́ tó bá ti bá yín fi ogún èèyàn sínú ìwé, ẹ ti jẹ ẹ́ ní oore, òun náà yóò sì mọ ọjọ́ tí yóò gbà á padà.

Ohun tí ẹ lè ṣe fún wọn wà. Bí àjọ bá ti kéde ètò kan, ẹ rí i pé ẹgbẹ́ yín mọ ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, ìwé tí wọn yóò mú lọ àti iye tí wọn yóò san. Ẹ sì rí i pé ẹgbẹ́ tó wà ní Ṣakí àti èyí tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan náà. Ìròyìn tí gbogbo ayé jọ gbọ́ kì í ṣe ojúsàájú. Inú àwọn kan yóò bí sí yín nílé o, kò sí bí a ṣe lè yọ ìyẹn kúrò.

Ní ti iṣẹ́ gan-an: ọ̀gá àgbà àti àwọn òṣìṣẹ́ ló ń ṣe é, bọ́ọ̀dù ló ń mú wọn dáhùn. Ẹ kì í fọwọ́ sí sọwédowó, ẹ kì í yan agbaṣẹ́ṣe, ẹ kì í pàṣẹ fún awakọ̀ katakata. Bọ́ọ̀dù ló ń gbé ètò iṣẹ́ ọdún àti bọ́jẹ́ẹ̀tì yẹ̀ wò kó tó lọ sọ́dọ̀ Kọmíṣánnà. Òun ló ń wò ó bóyá owó tó jáde bá ohun tó hàn lóko mu. Òun ló sì ń gba ìròyìn ọ̀dítọ̀, ẹni tó ń yẹ ìwé owó wò. Nínú òfin ríra nǹkan fún ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2007, abala 20 fi ẹrù gbogbo ohun tí ilé iṣẹ́ bá rà lé orí ẹni tó ń ṣe olórí ìnáwó rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ ní òfin tiwọn tó jọ ọ́. Ẹ béèrè ti ìpínlẹ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọgbọ́n gbé ẹrù yẹn lé yín lórí pẹ̀lú “Bọ́ọ̀dù ti fọwọ́ sí i”.

Kí ẹ tó lọ sí ìpàdé àkọ́kọ́, ẹ kọ̀wé sí akọ̀wé bọ́ọ̀dù pé kó fi ohun mẹ́rin ránṣẹ́: òfin tó dá àjọ náà sílẹ̀, àkọsílẹ̀ ìpàdé mẹ́rin tó kẹ́yìn, bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún yìí pẹ̀lú iye tí ìjọba ti tú sílẹ̀ nínú rẹ̀, àti ìròyìn ọ̀dítọ̀ tó jáde kẹ́yìn. Nínú òfin náà, ẹ wá ibi tó ti sọ agbára bọ́ọ̀dù, iye ọmọ ìgbìmọ̀ tó gbọ́dọ̀ pé kí ìpinnu tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, àti bóyá Kọmíṣánnà lè yí ìpinnu yín padà. Òfin kan lè fún bọ́ọ̀dù lágbára láti gba òṣìṣẹ́ kó sì lé e. Òmíràn kàn sọ ọ́ di olùdámọ̀ràn. Ẹ fi ojú ara yín kà á. Ní ti bọ́jẹ́ẹ̀tì, iye tí wọ́n kọ sínú ìwé kò jẹ́ nǹkan kan fún yín. Bí ìwé bá ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù náírà wà fún katakata, tó sì jẹ́ mílíọ̀nù méjìlélógún ló wọlé títí di oṣù kẹsàn-án, ọ̀rọ̀ mílíọ̀nù méjìlélógún ni kí ẹ máa sọ.

Ibi tí àgbẹ̀ ti wúlò nínú bọ́ọ̀dù ju agbẹjọ́rò àti akáúńtáǹtì lọ rèé: ẹ mọ ìgbà òjò.

Ẹ wo ajílẹ̀. Lápá ọ̀dọ̀ yín, àgbàdo àkọ́gbìn máa ń wọlẹ̀ láàárín ìparí oṣù kẹta sí oṣù kẹrin. NPK, ajílẹ̀ alápòpọ̀, gbọ́dọ̀ dé ìdí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn gbígbìn, kí yúríà, ajílẹ̀ onínáítírójìn, tẹ̀ lé e ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà. Ẹ wá máa kà á padà sẹ́yìn. Kó tó lè tẹ àgbẹ̀ lọ́wọ́ ní oṣù kẹrin, ó yẹ kó ti wà ní sítọ́ọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ní àárín oṣù kẹta. Ẹ fún kíkó o láti ilé iṣẹ́ àti pínpín rẹ̀ káàkiri ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Yíyẹ ìwé àwọn agbaṣẹ́ṣe wò àti fífọwọ́ sí i lè gba oṣù kan, ìyẹn bí kò bá sí ìjà. Òfin ọdún 2007 tí mo dárúkọ yẹn tún ní kí ìkéde wà níta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán kí ọjọ́ ìfiwésílẹ̀ tó pé. Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìkéde ní láti jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, kí ìwé rẹ̀ sì ti wà ní sẹpẹ́ ní oṣù kọkànlá.

Bọ́jẹ́ẹ̀tì tuntun ńkọ́? Gómìnà lè má tíì fọwọ́ sí i títí di ìparí oṣù kejìlá tàbí oṣù kìíní. Ibẹ̀ ni ajílẹ̀ ti ń pẹ́. Kì í ṣe olè ló ń fà á nígbà gbogbo: ìwé ń dúró de ìwé, òjò ò sì dúró de ìkankan nínú wọn.

Nítorí náà, nínú gbogbo ìpàdé ọdún, ti oṣù kẹsàn-án ni kí ẹ má pa jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n sábà máa ń fi jẹ ìrẹsì túká. Ẹ béèrè ètò ríra nǹkan fún ọdún tó ń bọ̀, kí ọjọ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n ti mọ irú ajílẹ̀, iye báàgì àti ibi tí yóò já sí, kó wá ku owó nìkan. Bó bá sì ti hàn gbangba pé kò lè dé kó tó di oṣù keje, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n sì kéde rẹ̀ pé àgbàdo ìgbà kejì, èyí tí à ń gbìn ní oṣù kẹjọ, ló wà fún. Àgbẹ̀ tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ ní oṣù kejì yóò wá ajílẹ̀ àkọ́gbìn rẹ̀ síbòmíràn. Èyí tí kò gbọ́ yóò máa wọ̀nà títí ewé àgbàdo rẹ̀ yóò fi di rúsúrúsú.

Igi ẹ̀gẹ́ tilẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀, ohun abẹ̀mí ni. Látìgbà tí wọ́n bá ti gé e ló ti ń gbẹ. Bí ọkọ̀ bá kó o dé tí òjò kò sì tíì fìdí múlẹ̀, ìdajì rẹ̀ lè kú síbi tí wọ́n tò ó sí. Ọjọ́ tí wọn yóò gé e ni kí ẹ máa béèrè, kì í ṣe ọjọ́ tí wọn yóò pín in nìkan.

Lẹ́yìn òjò, ìṣirò oko ni. Ìròyìn tí wọn yóò gbé síwájú yín yóò kún fún nọ́ńbà ńláńlá. Ẹ pín in. Bí a bá gbin ẹ̀gẹ́ ní mítà kan sí mítà kan, hẹ́kítà kan gba ẹsẹ̀ 10,000. Ìdì kan sábà máa ń jẹ́ ọ̀pá 50 tó gùn ní mítà kan. Bí ọ̀pá kan bá fún wa ní gígé mẹ́rin, ìdì kan di 200, hẹ́kítà kan á sì gba 50 ìdì, láì tíì ka èyí tí yóò kú. Bí ìròyìn bá wá ní “6,000 ìdì fún 2,000 àgbẹ̀”, ìdì mẹ́ta mẹ́ta ló kàn wọ́n. Ẹsẹ̀ 600 nìyẹn, kò tó ìdá kan nínú mẹ́fà éékà. Wọn ò purọ́, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá pe ìyẹn ní hẹ́kítà 2,000 nínú ìwé, ẹ dá a dúró.

Bákan náà ni ajílẹ̀. Báàgì NPK 15-15-15 tó jẹ́ kìlò 50 ní kìlò 7.5 náítírójìn, èròjà tó ń bọ́ àgbàdo, nínú. Báàgì méjì fún ẹni tó ní hẹ́kítà kan jẹ́ kìlò 15. Àgbàdo orí hẹ́kítà kan ní ilẹ̀ ọ̀dàn wa lè gba kìlò 90 sí 120 náítírójìn. Bọ́ọ̀dù ni yóò pinnu bóyá kí a fún èèyàn púpọ̀ ní díẹ̀ díẹ̀ tàbí kí a fún díẹ̀ ní èyí tó tó. Ohun kejì ni mo fara mọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tí olóṣèlú kì í fi fẹ́ ẹ.

Ní ti katakata, ẹ béèrè nọ́ńbà tó wà lójú mítà tó ń ka wákàtí tó fi ṣiṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí àsìkò, katakata kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Kíkọ hẹ́kítà kan lè gba bíi wákàtí méjì. Bí wọ́n bá ní katakata mẹ́wàá kọ hẹ́kítà 5,000 ní ọgọ́ta ọjọ́, hẹ́kítà mẹ́jọ ó lé lójúmọ́ nìyẹn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn wákàtí mẹ́rìndínlógún ó lé lórí ilẹ̀, láìka ìrìn láti oko kan sí òmíràn. Mítà yẹn náà ni yóò sọ bóyá wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì bó ṣe yẹ, tí ọ̀pọ̀ katakata ń béèrè ní gbogbo wákàtí 250. Ohun tó ń pa katakata ìjọba kì í sábà ju èyí lọ: owó rírà wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, ti ọ́ìlì, fílítà àti táyà kò sí. Ẹ má fọwọ́ sí ìbéèrè fún katakata tuntun tí ìwé rẹ̀ kò bá ní ìlà owó ìtọ́jú fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́.

Bí àtòkọ oògùn koríko bá dé ọwọ́ yín, orúkọ èròjà tó wà lẹ́yìn ike ni kí ẹ kà, ẹ fi orúkọ tó wà níwájú sílẹ̀. NAFDAC ti fòfin de paraquat láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, atrazine sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025. Ó ti pẹ́ tí àwọn alágbàdo ti ń lo atrazine yìí, nítorí náà ẹnì kan lè kàn da àtòkọ ọdún tó ti kọjá kọ láìro nǹkan kan.

Ẹ lọ sí sítọ́ọ̀ lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán lásìkò ìpín ajílẹ̀. Ẹ sọ fún alága, kí alága sọ fún ọ̀gá àgbà. Èèyàn kì í dédé já wọlé. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ ní kí wọ́n gbé òṣùwọ̀n wá, kí wọ́n sì fa ogún báàgì yọ láti òkè, àárín, ìsàlẹ̀ àti ẹ̀yìn, kì í ṣe ogún tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Trélà tó gbé tọ́ọ̀nù 30 ń kó báàgì 600. Bí báàgì bá jẹ́ kìlò 47 dípò 50, kìlò 1,800 ti sọnù nínú ọkọ̀ kan. Báàgì 36 nìyẹn, síbẹ̀ báàgì 600 pé géérégé, kò dín ẹyọ kan. Ìdí nìyí tí “a ti kà á, ó pé” kò fi tó.

Ẹ wo ẹnu báàgì náà níbi tí wọ́n rán: èyí tí wọ́n ti tú rí lè ní ojú abẹ́rẹ́ ìlà méjì, ọ̀kan lófo, ọ̀kan ní òwú. Ẹ bu ṣíbí yúríà kan sínú ife omi tó mọ́, ẹ rò ó. Yóò yòrò, ife náà yóò sì tutù lọ́wọ́ yín bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde láti inú fìríìjì. Ohun tó bá jókòó sísàlẹ̀ kì í ṣe yúríà. Ẹ má fi èyí dán NPK wò, torí àwọn kan nínú rẹ̀ máa ń fi ìyókù sílẹ̀ nítorí ohun tí wọ́n fi pò ó. Láàbù ni kí wọ́n gbé tiẹ̀ lọ. Kí ẹ tó jáde, ẹ ní kí sítọ́kípà fi bíńkáàdì, ìyẹn káàdì tí wọ́n ń kọ ohun tó wọlé àti èyí tó jáde sí, hàn yín, kí ẹ fi iye tó kù níbẹ̀ wé ohun tó wà nílẹ̀. Bí kò bá dọ́gba, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, ẹ kí i, ẹ máa lọ. Ẹ má bá a jà, ẹ má sì ní kó ṣe àtúnṣe lójú yín. Ìròyìn ìpàdé ni ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ wá dà.

Ọ̀rọ̀ akápò tí ẹ ń ṣe wá ńkọ́? Àfikún Karùn-ún ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, níbi tí ìlànà ìwà fún òṣìṣẹ́ ìjọba wà, ka alága àti ọmọ bọ́ọ̀dù àjọ tí òfin dá sílẹ̀ mọ́ àwọn tó kàn. Kò ní kí ẹ fi oko sílẹ̀ o. Níbi tó ti ká òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́ kò nínú òwò ara rẹ̀, ó yọ iṣẹ́ àgbẹ̀ sọ́tọ̀ kedere. Ohun tó kọ̀ ni kí àǹfààní ara yín forí gbárí pẹ̀lú iṣẹ́ yín. Akápò ni yóò fọwọ́ gba ajílẹ̀ tí àjọ bá pín fún ẹgbẹ́, orúkọ yín ni yóò sì wà lórí ìwé méjèèjì, ti àjọ àti ti ẹgbẹ́. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gbé ipò náà fún ẹlòmíràn, kí ẹ máa jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ lásán. Kí ẹ sì kọ orúkọ ẹgbẹ́, oko yín, àti òwò ọkọ tàbí ọmọ tó bá kan àjọ sílẹ̀ fún akọ̀wé. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yín bá dé orí tábìlì, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ dìde, ẹ bọ́ síta, kí àkọsílẹ̀ sì sọ ìgbà tí ẹ jáde àti ìgbà tí ẹ padà wọlé. Ẹ má jókòó kí ẹ ní ẹ dákẹ́. Ẹni tó jókòó tí kò sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀.

Wọn yóò fún yín lẹ́bùn. Èyí tí ìbátan tàbí ọ̀rẹ́ bá fún yín bí àṣà ṣe gbà á, òfin yẹn kò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ tí wọ́n bá fà lé yín lọ́wọ́ níbi ayẹyẹ tí ẹ lọ ṣojú àjọ, ti àjọ ni. Ẹ fi lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ sì gba fọ́ọ̀mù ìkéde dúkìá lọ́dọ̀ Code of Conduct Bureau, àjọ tó ń rí sí ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba, kété tí wọ́n bá ti búra fún yín. Ẹ ó tún kún un lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, àti nígbà tí ẹ bá ń lọ.

Ní ti ọ̀dítọ̀, àwọn kan rò pé Ọ̀dítọ̀ Àgbà ìpínlẹ̀ ló ń yẹ ìwé àjọ wò. Kì í ṣe òun. Abala 125 ìwé òfin 1999 ní kí ó fún irú àjọ bẹ́ẹ̀ ní àtòkọ àwọn ọ̀dítọ̀ tó kájú ẹ̀, kí àjọ mú ọ̀kan nínú rẹ̀, kí òun sì wá sọ èrò rẹ̀ lórí ìwé owó ọdún àti ìròyìn wọn. Nítorí náà bí ìròyìn ọ̀dítọ̀ bá ti pẹ́ ọdún mẹ́ta, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n yan ọ̀dítọ̀ kẹ́yìn àti bóyá wọ́n ti san owó rẹ̀. Ọ̀dítọ̀ inú ilé wà lọ́tọ̀. Abẹ́ ọ̀gá àgbà ló wà, ọ̀bẹ kì í sì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀, nítorí náà ẹ ní kí bọ́ọ̀dù fún un láyè láti bá yín sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta láìsí ọ̀gá àgbà nínú yàrá. Ẹ bi í bóyá ohun kan náà ti jáde fún rírà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù kan, kí owó kọ̀ọ̀kan sì fi díẹ̀ dín sí òdíwọ̀n tó yẹ kó lọ sí ìkéde gbangba. Gígé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ láti sá fún òdíwọ̀n jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ abala 58 òfin 2007, òṣìṣẹ́ tó bá sì rú òfin náà lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún ó kéré tán, láìsí owó ìtanràn.

Ẹ̀rù tí ẹ ní ó ń bà yín ńkọ́? Àkọsílẹ̀ ìpàdé ni oògùn rẹ̀. Ìwé tó bá kan owó kò gbọ́dọ̀ bá yín lórí tábìlì láàárọ̀ ìpàdé. Ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀dù pinnu pé ọjọ́ méje ṣáájú ni yóò máa tẹ gbogbo yín lọ́wọ́. Èyí tó bá wọlé lójijì, ẹ ní kó di ìpàdé tó ń bọ̀. Bí àwọn tó kù bá fẹ́ gbà á síbẹ̀, ẹ sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, Alága, mo fẹ́ kó wọ àkọsílẹ̀ pé mi ò fara mọ́ ọn, torí a kò rí iye owó ọjà mẹ́ta tí a fi wéra.” Kí ìdí wà nínú rẹ̀, kó má kàn jẹ́ “mi ò fẹ́”. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó fọwọ́ sí àkọsílẹ̀, ẹ wo ìlà yẹn. Bí ó bá ti poora, ẹ ní kí wọ́n dá a padà.

Nígbà tí ìjọba bá yí padà, bọ́ọ̀dù máa ń túká lọ́sàn-án kan. Bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ṣe túká ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Ẹ dá gbogbo ohun ìní àjọ tó wà lọ́wọ́ yín padà, kí ẹ gba ìwé lé e. Ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìpàdé tí orúkọ yín wà nínú rẹ̀ àti ìwé ìkéde dúkìá yín, ẹ fi sínú fáìlì kan nílé, níbi tí òjò kò lè dé. Ìwé ìbéèrè lè bá yín lóko lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí ẹ ti gbàgbé.